Ìgò Ìgbéyàwó Dosolina

Dosolina Rabellino kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń gbin àjàrà lórí òkè wa yìí tí kò mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Wáìnì pupa ìdílé Rabellino kì í ṣe ọtí oníkánjú. Bí wọ́n bá fún omi àjàrà tán nígbà ìkórè, inú àgbá ńlá tí bàbá àgbà wọn fi igi kàn ni wọ́n ń dà á sí, ibẹ̀ ni yóò sì wà fún bí ọdún mẹ́rin kó tó dénú ìgò. Ẹni tó bá mu ún kó tó gbó, yóò gan mọ́ ọn lẹ́nu bí èso tí kò pọ́n.

Lọ́dọ̀ wa, bí wáìnì ọdún tí wọ́n bí ọmọbìnrin bá ti dénú ìgò, bàbá rẹ̀ a kó díẹ̀ níbẹ̀, a tò ó sínú ihò ara ògiri nínú àjà-ilẹ̀ tí àwọn àgbá wà, a sì fi bíríkì mọ ọ́n pa. Ọjọ́ tí ọmọ bá ń lọ ilé ọkọ ni wọ́n ń wó o. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án ṣáájú, ì báà jẹ́ bàbá fúnra rẹ̀. Dosolina ní tirẹ̀ lẹ́yìn àgbá tó wà nígun.

Ó ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún nígbà tí Celso Bergadano, tó ń tún àgbá ṣe, wá tọrọ rẹ̀. Ọdún yẹn náà ni bàbá Dosolina kú. Evasio ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé òun mọ oko, ṣùgbọ́n òun kò mọ àjà-ilẹ̀. “Jẹ́ kí wáìnì ọdún yìí kúrò nínú àgbá ná,” ló wí. Dosolina dúró. Wáìnì a máa gbẹ díẹ̀díẹ̀ nínú àgbá, bí ẹnìkan kò bá sì máa fi irú rẹ̀ kún un dé etí, ọtí náà á kan. Kí ti ọdún yẹn tó jáde, ti ọdún mìíràn ti wọlé. Celso retí títí, ó sú u, ó lọ fẹ́ ọmọbìnrin ìlú Asti kan.

Ìyàwó Celso kú lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí Celso padà wá, irun orí àwọn méjèèjì ti funfun. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà àjà-ilẹ̀, ó ní, “Dosolina, ṣé wáìnì ọdún yẹn ti wá kúrò nínú àgbá báyìí?” Ẹ̀rín pa obìnrin náà títí tó fi jókòó sílẹ̀, ó sì gbà láti fẹ́ ẹ. Àwọn obìnrin ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kò jẹ́ kó sinmi. Wọ́n ń bi í bóyá kò ní jẹ́ kí ọkùnrin náà tún gbó díẹ̀ sí i.

Nígbà tó sọ fún Evasio pé àwọn fẹ́ wó ògiri, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní eruku yóò ba àwọn àgbá jẹ́. Ó tún ní ọtí àtijọ́ bẹ́ẹ̀ yóò ti kan. Dosolina rò pé àárò òun ló ti ń sọ ọ́. Àánú rẹ̀ ṣe é, ó dì mọ́ ọn.

Èmi aládùúgbò wọn náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Sunday tí Celso gbé òòlù. Evasio wà níbẹ̀ pẹ̀lú Irma ìyàwó rẹ̀. Bíríkì wálẹ̀. Dosolina tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò: kò sí ìgò kankan, àfi koríko gbígbẹ àti òwú aláǹtakùn. Ó kọ́kọ́ ní olè ló jà wọ́n. Lẹ́yìn náà ló rí i pé ilẹ̀ ni Irma ń wò.

“Irma, ta ló débí?”

Evasio ló dáhùn. Ó ní ọdún tí Dosolina fi wà nílé ìwòsàn ní ìlú Alba ni òun kó àwọn ìgò náà, tí òun sì tún fi bíríkì mọ ihò náà pa. Ornella, ọmọ òun, ń relé ọkọ, yìnyín sì ti ba àjàrà ọdún ìbí tirẹ̀ jẹ́, kò sí ohun tí wọ́n mọ sára ògiri fún un. Àwọn àna sì jẹ́ ènìyàn ńlá.

“Ìwọ náà mu níbẹ̀,” ni Evasio wí. “O ti padà délé nígbà yẹn. O ní ó dùn.”

“Kí ló dé tẹ́ ò bi mí, ẹ̀gbọ́n?”

“O ti pé àádọ́ta ọdún nígbà yẹn, Dosolina. Ta ló mọ̀ pé o ṣì máa lọ́kọ?”

Celso rọra gbé òòlù sílẹ̀. Dosolina pa tọ́ọ̀ṣì. “Ẹ̀yin lẹ ní kí n dúró,” ló wí, ó sì gun àtẹ̀gùn lọ.

Dosolina àti Celso ṣe ìgbéyàwó ṣá. Evasio gbé èyí tó dára jù nínú wáìnì rẹ̀ wá, kò sì sí ẹni tó dá a padà. Dosolina fọwọ́ ara rẹ̀ bu ún fún gbogbo àlejò, ó bu fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó dojú kọ́ọ̀bù ti ara rẹ̀ délẹ̀, kò mu. Láti ọjọ́ náà, ilé Celso nísàlẹ̀ òkè ló ń gbé. Evasio ti gba ẹnìkan láti Alba pé kó máa tọ́jú àwọn àgbá.

Nígbà ìkórè tó kọjá, a jọ jókòó, a ń pa èso hásẹ́lì jẹ. Mo bi í bóyá àwọn ìgò yẹn ṣì ń dùn ún.

“Ìgò kọ́,” ló wí. “Níbi ìgbéyàwó Ornella, Evasio ní ọtí àtijọ́ bàbá wa ni, èmi ni mo sì gbé kọ́ọ̀bù sókè. Mo ní kí gbogbo ènìyàn dìde, kí á kí bàbá wa tó ṣe irú ọtí báyìí. Wọ́n dìde. Evasio náà dìde, ó ń wò mí lójú.”