Ta Ni Ẹ̀gbọ́n Nínú Ìlú Méjì?

Mo rántí ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi, tó sì jẹ́ pé ẹnu èmi gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Olùkọ́ èdè Faransé ni mí nígbà náà ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Èjìgbò. Ọdún díẹ̀ tí mo lò ní Kútọnu ti sọ mí di ọ̀mọ̀ràn lójú ara mi, débi pé bí mo bá ń bèèrè iyọ̀ lásán nínú ilé, mo máa ń yí ohùn padà bí ẹni tí ọ̀fun ń dùn. Bàbá wa, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n wá láti Èkìtì, á wò mí láti orí àga wọn, wọ́n á ní, "Olúwa á dá ohùn ẹ padà fún ẹ."

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nìkan ni kì í bá wa rẹ́rìn-ín lákòókò yẹn. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló fi ń gbé èrò láti Ìsọlọ̀ lọ sí Òṣòdì, òun náà ló sì fi ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nọ́ọ̀kì, ó gbé e síwájú búlọ́ọ̀kù wa ní Jakande, ó ń nù ún láràárọ̀ bíi pé ó ṣì ń lọ síṣẹ́. Ibẹ̀ la wà tí ìròyìn fi dé pé ìlú kan ní ilẹ̀ Faransé, pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan tó ń ṣètò ọkọ̀ tí kò lo epo káàkiri ayé, fẹ́ da ọwọ́ pọ̀ mọ́ àwọn ọlọ́kẹ̀kẹ́ àdúgbò wa. Wọ́n á kó kẹ̀kẹ́ oníbátìrì wá, wọ́n á kọ́ ibi tí a ó ti máa fi oòrùn ṣáàjì wọn, àwọn awakọ̀ wa náà á sì máa sọ fún wọn bó ṣe ń ṣe nínú ooru àti kòtò tiwa. Ẹ̀gbọ́n mi forúkọ sílẹ̀ kíá. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ buwọ́ lùwé, àwọn àlejò sì ti sọ pé bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe kí àwọn tó padà sílé, ìlú mìíràn tó ti ń dúró làwọn máa kó kẹ̀kẹ́ náà lọ fún.

Èmi ni wọ́n ní kí n wá ṣe ògbufọ̀. Mo lọ̀ bùbá tuntun, mo wọ bàtà tó ń há mi lẹ́sẹ̀, mo sì lọ jókòó láàárín àwọn àlejò nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìsọlọ̀. Iná ti lọ kí a tó bẹ̀rẹ̀, fáànù dúró gbagidi, òógùn bo gbogbo wa. Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ṣé iná yìí náà lẹ fẹ́ ká máa fi wa kẹ̀kẹ́?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, àmọ́ alága wọn kò rẹ́rìn-ín. Bàbá ọmọ Ọ̀yọ́ kan ni, tó gbọ́ Yorùbá dénú eegun, tí ọ̀rọ̀ kì í sì í bọ́ sílẹ̀ lójú rẹ̀ kó má ṣà á.

Àlejò obìnrin tó jẹ́ olórí wọn ka ìwé àdéhùn. Ìbejì ni wọ́n pe ìlú tiwọn àti tiwa nínú rẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni àwọn Faransé máa ń pe ìlú méjì tó bá dọ̀rẹ́. Èmi ọ̀mọ̀ràn wá wò ó pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni ìbejì, kò yẹ àpéjọ àgbà. Mo ní kí n bá wọn tún un ṣe. Mo gbóhùn sókè, mo ní, "Wọ́n ní láti òní lọ, ìlú àwọn ti di ẹ̀gbọ́n fún ìlú wa."

Ẹyin lohùn. Ariwo ta nínú gbọ̀ngàn náà, alága sì na ọwọ́ sí mi.

"Ta ló fi wọ́n ṣe ẹ̀gbọ́n wa? Nílé tiwa, àbúrò ló ń ru ẹrù ẹ̀gbọ́n. Tí bátìrì wọn bá kú, àwa la máa rù ú nìyẹn, àbí?"

Mo sáré yí i padà, mo ní kí wọ́n má bínú, pé àwa gan-an ni ẹ̀gbọ́n. Ìyẹn ló wá ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ẹnìkan ní, "Ẹ̀gbọ́n tí àbúrò ń bọ́, ẹ wòye o!" Alága mi orí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ló ń san gbèsè àbúrò. Ẹ yí i síwájú, ẹ yí i sẹ́yìn, orí wa náà ló ń já sí. A ò sáìn." Ó mú fìlà rẹ̀ lórí tábìlì. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, àga ń dún nílẹ̀. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi ní ìlà kẹta, òun nìkan ló ṣì jókòó, ó ń wò mí. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbàgbé Faransé, mo gbàgbé Yorùbá.

Àlejò obìnrin náà ń bi mí pé kí ló dé. Mo tún wo ìwé náà, ọ̀rọ̀ tí mo gàn sì wà níbẹ̀ tó ń wò mí. Mo dìde, mo kígbe pé, "Ẹ jọ̀ọ́, sà! Èmi ni mo ṣì í sọ. Ìbejì ni wọ́n pè wá!"

Alága dúró. "Ìbejì?"

"Ìbejì, sà."

Ó fi fìlà náà sílẹ̀. "Èwo ni Táíwò?"

Mo ní àwọn ni, torí àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lo kẹ̀kẹ́ oníbátìrì. Ó jókòó, àwọn yòókù náà ń jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "A jẹ́ pé Kẹ́hìndé ni wá, àwa la rán an níṣẹ́ pé kó lọ tọ́ ayé wò. Bi í fún mi. Nígbà tó tọ́ ọ wò, ṣé ó dùn ni, àbí ó korò?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, mo sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Táíwò àti Kẹ́hìndé fún àlejò obìnrin náà. Ọkùnrin tó jókòó tì í fọwọ́ kàn án lápá, ó rọra mi orí fún un bí ẹni pé kó má sọ ọ́. Obìnrin náà kúkú sọ̀rọ̀. Ó ní ó korò níbẹ̀rẹ̀. Ó ní nígbà ooru, àwọn bátìrì àkọ́kọ́ wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi, ọkọ̀ ń dákú lójú títì, àwọn awakọ̀ tó ti ta ọkọ̀ elépo wọn kò rí èyí tí wọ́n máa padà sí, ìlú sì dá wọn dá a. Ó ní òun fúnra òun lòun sọ fún wọn pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ó ní àwọn ti tún un ṣe, pé ó ti ń dùn díẹ̀díẹ̀, àmọ́ òun kò lè búra fún ooru Èkó.

Kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ èdè yẹn nínú gbọ̀ngàn náà. Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ, òwe yẹn sì dùn létí mi lọ́jọ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Mo lè ní, "Ó ní ó dùn," kí wọ́n buwọ́ lùwé, kí ẹ̀gbọ́n mi rí iṣẹ́. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó mọ̀ pé mo ń rò ó. Kò mi orí, kò ṣẹ́jú. Mo ṣáà la ẹnu, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ẹ̀wà, títí kan pé kò lè búra.

Alága fọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ká ní ó sọ pé ó dùn ni, mi ò bá ti máa lọlé. Ẹ sọ fún un pé kó kọ ọ́ síwèé: bátìrì tó bá kú, àwọn ló ni òkú ẹ̀, kí wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò." Obìnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé. Wọ́n buwọ́ lù ú. Àwọn awakọ̀ kan yọ orúkọ wọn kúrò kí wọ́n tó jáde, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Ẹ̀gbọ́n mi fi tirẹ̀ sílẹ̀.

A ń rìn lọ sílé nígbà tó bi mí pé, "Tí obìnrin yẹn bá ní kò dùn rárá ńkọ́? Ṣé wàá sọ ọ́ fún wọn?"

Mo ní, "Màá sọ ọ́." Ó ní ó dáa, a sì ń rìn lọ.

Ọdún ti gorí ọdún. Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tí ẹ̀gbọ́n mi gbà ṣì ń ṣiṣẹ́. Bátìrì rẹ̀ ti kú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbé òmíràn wá bí ìwé ṣe wí. Bí òjò bá rọ̀ léraléra, ṣáàjì kì í tó, àwọn awakọ̀ á sì máa ráhùn. Èmi ṣì ń kọ́ni ní Faransé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti ń bèèrè iyọ̀ bí ọmọ Èkìtì. Nígbà mìíràn, bí mo bá ń ti Bọ́ládé ní Òṣòdì bọ̀, kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni mo máa ń wọ̀. Kẹ̀kẹ́ náà kì í dún, gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n mi bá sọ là ń gbọ́, ó sì fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn èrò pé, "Àbúrò mi tó jókòó lẹ́yìn yẹn, kò lè purọ́ láé, kódà torí èmi." Àwọn èrò á yíjú wò mí, wọ́n á kí mi kú orí ire. Mo máa ń dá wọn lóhùn, mo sì máa ń wo ìta. Ẹ̀gbọ́n mi gbà mí gbọ́ lọ́jọ́ yẹn tí mo ní màá sọ ọ́. Èmi ni n kò tíì gba ara mi gbọ́.