Kẹ́mísìrì Inú Kíṣìnnì Wa

Fèrè àwọn sójà ni aago ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ẹ̀yìn ògiri bárékè ní Ọ̀jọ́ là ń gbé. Bí fèrè bá ti dún láàárọ̀, ọmọbìnrin mi á nu tábìlì tí a fi ń jẹun, á kó ìwé rẹ̀ sí i, èmi náà á wá jókòó níwájú rẹ̀. À ń kí ara wa bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé.

"Ẹ káàárọ̀, ma."

"Káàárọ̀. Jókòó."

Ọkọ mi, tó ń ta wáyà iná ní Alábà, á máa rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. "Prìǹsípà, mo ń lọ o. Ẹ má na ọmọ mi!"

Èmi kì í ṣe tíṣà. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà mọ. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ ti kó sábẹ́ tírélà rí lójú títì márosẹ̀. Wọ́n fà mí yọ. Obìnrin tó jókòó tì mí kò yọ. Láti ìgbà náà, bí ọmọ mi bá ti fẹ́ sọdá títì lọ sílé-ẹ̀kọ́, etí mi á máa gbọ́ ìró irin. Nígbà tó parí kíláàsì kẹta ní girama, mo ní kó dúró sílé, ká jọ máa ka ìyókù.

Lójú mi báyìí, àwọn ọdún yẹn dà bí ohun tí èèyàn ń wò nínú omi. Kọ́tìnì ń mí. Oòrùn ń rìn díẹ̀díẹ̀ lórí ìwé rẹ̀. Nígbà mìíràn òun ló ń kọ́ mi, èmi á kàn máa wo ẹnu rẹ̀.

Sóbò la fi ń ṣe kẹ́mísìrì. Bí a bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, á pọ́n kedere. Bí a bá da omi kán-ún sí i, á di àwọ̀ ewé. A ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò: èyí tó kan ni ásíìdì. Lẹ́yìn náà a ó bu ṣúgà sí èyí tó kù, a ó mu ún.

Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni ọmọ mi fẹ́ di, kò sì lè ṣe ìdánwò àṣejáde láìjẹ́ pé ó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kẹ́mísìrì lójú olùkọ́. Òkokomáìkò, lódìkejì títì, ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, a sọdá. Mo jókòó sábẹ́ fèrèsé kíláàsì.

Kò pẹ́ tí olùkọ́ fi ké. "Ìwọ! Ṣé mínírà lo wá mu níbí ni?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ti fi ìka kan oògùn inú ìgò, ó ti fi kan ahọ́n.

"Ta ló kọ́ ẹ pé kéèyàn máa lá ásíìdì?"

Mo dìde lábẹ́ fèrèsé. "Èmi ni, sà."

Ojú olùkọ́ náà, ọmọ kékeré lásán, wá rọ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, Mama. Ṣùgbọ́n tibí ń jóni lẹ́nu o. Ó yá, lọ fi omi yọ ẹnu ẹ dáadáa."

Bó ti yọ ẹnu tán, mo tún di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹsẹ̀ mi ti kọjú sílé.

"Mummy, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Bí ẹ bá mú mi lọ lónìí, ẹ ò ní jẹ́ kí n padà wá mọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n."

Mo mọ̀ ọ́n. Mo tú ọwọ́ sílẹ̀.

"Ẹ máa lọ sílé, ma. Èmi àtàwọn tó kù la ó jọ sọdá."

Èmi nìkan ni mo sọdá. Ọwọ́ mi kò mọ ohun tí yóò dì mú, mo bá kó o sábẹ́ ìborùn mi.

Mo ń dáná lọ́wọ́ nígbà tó wọlé. Ó ní àwọn ọmọ kíláàsì ti ń pe òun ní Alásíìdì, wọ́n sì ti gba àyè sílẹ̀ fún òun lọ́la. Mo ní kó lọ fọ ọwọ́, kó wá jẹun, kó tètè sùn.