Ọ̀sẹ̀ Tí Bàbá Mi Tú Lẹ́tà Íńdíà

Nígbà tí mo ṣì kéré gan-an, tí bàtà ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń yọ lẹ́sẹ̀ mi, Agbowó ni à ń gbé, ní ọ̀kánkán ẹnubodè yunifásítì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Agbowó òde òní, tí ẹ mọ àwọn ilé alájà àti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, ẹ gbé gbogbo ìyẹn kúrò lójú ná. Koríko ló pọ̀ nígbà náà, ilé kò tó nǹkan. Láti ojú fèrèsé wa ni mo ti máa ń wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wọlé, tó ń jáde, mo sì ti pinnu pé èmi náà máa gba ẹnubodè yẹn wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó bi mí.

Bàbá mi ń ta pákó ní Bódìjà. Ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni wọ́n, Mùsùlùmí tó mọ kéú dáadáa, tí kò sì mọ gẹ̀ẹ́sì rárá. Tí a bá ti gba ọlidé, èmi ni mo máa ń tẹ̀lé wọn lọ sí ìsọ̀. Iṣẹ́ mi níbẹ̀ kò ju kí n jókòó sórí pákó kí n máa da ìbéèrè bo èèyàn. Kí ló dé tí pákó tó ti wà níbí láti oṣù tó kọjá fi wọ́n lónìí ju àná lọ? Bàbá mi á ní, "Òjò ni." Mo máa ní òjò kò pa pákó yìí, abẹ́ páànù ló wà. Wọ́n á ní òjò ti ba ọ̀nà igbó jẹ́, ọkọ̀ kò rí igi kó wá mọ́. Mo máa ní, ṣùgbọ́n eléyìí ti dé ní tiẹ̀. Wọ́n á wò mí títí, wọ́n á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ìbéèrè ẹ ju pákó lọ," wọ́n á sì ra gúgúrú fún mi kí ẹnu mi lè sinmi. Mo máa ń jẹ gúgúrú náà, ṣùgbọ́n n kì í gbàgbé ìbéèrè mi.

Ìdí tí mo fi ń rántí gbogbo èyí ni ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Bódìjà níbí. Ó wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì, ìmọ̀ ọrọ̀ ajé tí èmi náà kà ló ń kà. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń kóra jọ sí pálọ̀ mi, kóówá wọn á tẹ orí ba sí fóònù, wọ́n á máa ka orúkọ ìlú: Kánádà, Jámánì, Ìlú Ọba, Kẹ́ńyà. Lọ́jọ́ kan ni wọ́n bi mí pé, "Màmá àgbà, èwo ló dáa jù nínú ẹ̀?" Mo ní kí wọ́n gbé fóònù yẹn sílẹ̀, kí wọ́n gbọ́ ohun tójú mi rí.

Ní ọdún tí èmi náà fẹ́ jáde, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ pátákó ìfilọ̀. Àjọ kan fẹ́ rán àwa tí à ń ka ìmọ̀ ọrọ̀ ajé lọ sí òkè òkun lọ́fẹ̀ẹ́, fún ọdún méjì. Ìlú mẹ́ta ló wà níbẹ̀: Ìlú Ọba, Amẹ́ríkà àti Íńdíà. Ọ̀kan ṣoṣo lèèyàn lè mú. Gbogbo ọ̀rẹ́ mi ló mú Ìlú Ọba, kò sẹ́ni tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní ti Íńdíà, sinimá tí a máa ń lọ wò ní Dùgbẹ̀ nìkan ni a mọ̀ ọ́n mọ́, níbi tí ọkùnrin àti obìnrin ti máa ń fi orin lé ara wọn yí igi po.

Olùkọ́ wa kan wà, ọmọ Èkìtì, tí kì í rẹ́rìn-ín. Mo lọ bá wọn pé kí wọ́n gbà mí nímọ̀ràn. Wọ́n ní, "Kí lo fẹ́ mọ̀?" Mo ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo fẹ́ lọ, sà. Wọ́n ní, "Mi ò bi ẹ́ níbi tó o fẹ́ lọ." Wọ́n sì kọjú sí ìwé tí wọ́n ń kà.

Inú bí mi gan-an. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi jókòó sí ilé ìkàwé, tí mò ń wo ohun tí àwọn olùkọ́ ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń kọ. Àwọn ti Íńdíà ló dá mi dúró. Wọ́n ń kọ̀wé nípa òjò, nípa ọ̀nà tí kò ṣeé gbà, nípa bí ọjà ṣe ń gbówó lórí kí ó tó tán nílẹ̀ lóòótọ́. Ó dà bíi pé ẹni tó kọ ọ́ ti jókòó ní ìsọ̀ bàbá mi rí. Mo mú Íńdíà. Ohun tí n kò ṣe ni pé n kò sọ nílé. Bàbá mi ti kéde Lọ́ńdọ̀nù tí mo kọ́kọ́ sọ fún wọn fún gbogbo onípákó Bódìjà, wọ́n ti ń pè wọ́n ní Bàbá Lọ́ńdọ̀nù, inú wọn sì ń dùn. Mo dákẹ́. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, n kò ní fi í pamọ́.

Olùkọ́ mi, ọmọ Èkìtì yẹn, kọ lẹ́tà tó jẹ́rìí sí mi, wọ́n lẹ àpò ìwé náà pa, wọ́n sì fọwọ́ sí ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Tí ojú ibẹ̀ bá fi lè ya pẹ́nrẹ́n, lẹ́tà náà ti di ìwé lásán. Ó gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ Jímọ̀, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tí òbí ẹni ti fọwọ́ sí. Lọ́jọ́ ìṣẹ́gun, mo gbé méjèèjì sórí kọ́bọ́ọ̀dù nílé, mo sì lọ sí kíláàsì.

Nígbà tí mo dé lọ́sàn-án, bàtà ló kún ẹnu ọ̀nà wa. Bàbá mi wà ní pálọ̀, àlùfáà mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa jókòó tì wọ́n, aládùúgbò wa tó jẹ́ akọ̀wé báńkì ní Dùgbẹ̀ sì wà láàárín, ó wọ awò ojú, lẹ́tà mi ló mú dání. Wọ́n fẹ́ ṣàdúrà sí i ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Lójú bàbá mi, ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú ìwé kò lè mọ ohun tó ń tọrọ lórí rẹ̀. Wọ́n ti fi abẹ la àpò ìwé náà kí n tó dé, wọ́n sì là á dáadáa, kò ya kọjá ibi tó yẹ. Akọ̀wé ń ka gẹ̀ẹ́sì, ó ń túmọ̀ rẹ̀, àwọn tó kù ń gbè é. Ọmọ yìí ní làákàyè. Aliamudulilai. Ọmọ yìí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ lọ bọ̀rọ̀. Aliamudulilai. Ó yẹ ní ẹni tí a lè rán lọ sí Íńdíà. Akọ̀wé bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Íńdíà?" Èmi tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ni bàbá mi ń wò. "Ta la mọ̀ níbẹ̀? Kí ló wà ní Íńdíà tí kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù?"

Abẹ tó wà lórí tábìlì ni mò ń wò. Mo ní, "Bàbá, ẹ ti tú u." Wọ́n ní kí ló wá ṣe é, ṣebí gọ́ọ̀mù wà nílé. Ẹkún gbé mi, kì í sì í ṣe ẹkún ìbànújẹ́, inú ló bí mi. Bàbá mi náà bínú. Wọ́n ká fọ́ọ̀mù náà sápò agbádá wọn, wọ́n ní àwọn kò ní fọwọ́ sí ìwé tó fẹ́ gbé ọmọ àwọn lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Lọ́jọ́rú, mo wá olùkọ́ mi lọ. Àwọn tó wà ní ọ́fíìsì wọn ní ìyá wọn wà lórí àìsàn ní ilé ìwòsàn kan ní Jẹ́ríkò, pé wọn kò ní wá síbi iṣẹ́ lọ́sẹ̀ náà. Mo wọkọ̀ lọ sí Jẹ́ríkò. Irọ́ mẹ́ta ni mo pa pọ̀ nínú ọkọ̀: òjò pa á, ewúrẹ́ jẹ ẹ́, wọ́n jí i. Bí mo ṣe fojú kan olùkọ́ mi, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sá lọ, mo kàn na àpò ìwé náà sí wọn.

"Ta ló tú u?"

"Bàbá mi ni, sà."

Wọ́n yí àpò ìwé náà síwá sẹ́yìn. "Èmi kì í kọ lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀mejì. Lọ mú bàbá ẹ wá."

Báwo ni mo ṣe fẹ́ mú onípákó tó ń bínú lọ rojọ́ níwájú ẹni tí wọ́n fi nǹkan bí ogún ọdún jù? Mo lọ síbi ìsọ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, olùkọ́ mi ní kí ẹ wá." Wọ́n kọjú sí pákó tí wọ́n ń wọ̀n. Mo jókòó sórí pákó. Oníbàárà wá, oníbàárà lọ. Àwọn onípákó ẹgbẹ́ wọn ń kí mi, mò ń dáhùn, n kò sì dìde. Ebi ń pa mí, n kò jẹun. Mo ti sọ fún ara mi pé ilẹ̀ lè ṣú bá mi níbẹ̀ tó bá wù ú. Nígbà tí bàbá mi kí ìrun ọ̀sán tán, wọ́n gbọn eruku pákó kúrò lára aṣọ, wọ́n ní, "Dìde. Orí líle ẹ yìí, ọ̀dọ̀ ìyá ẹ lo ti gbé e wá."

Ọ̀nà Jẹ́ríkò jìn lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ pé wọ́n ń to ẹjọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ mi ṣe rí bàbá mi lójú, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ ilé ìwòsàn, pẹ̀lú táì lọ́rùn. Ẹjọ́ tán lẹ́nu bàbá mi. Wọ́n ní, "Ẹ dìde, ọ̀gá tíṣà, ẹ dìde." Wọ́n béèrè àlàáfíà ìyá, wọ́n tọrọ ìwòsàn fún un, kí wọ́n tó wá béèrè kí ló wà ní Íńdíà.

Olùkọ́ mi ní, "Bàbá, ọmọ yín ni kẹ́ ẹ bi. Èmi kọ́ ni mò ń lọ."

Mo kọjú sí bàbá mi. Mo ní, "Bàbá, láti kékeré ni mo ti ń bi yín ìdí tí pákó tó wà nílẹ̀ fi ń gbówó lórí tójò bá ń rọ̀ níbòmíì. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọjà tiwọn ni wọ́n máa kọ́ mi. Òjò kì í ba títì wọn jẹ́. Ní Íńdíà, ó ń bà á jẹ́, àwọn tó ń tajà bíi tiyín sì pọ̀ níbẹ̀, àwọn olùkọ́ wọn jókòó tì wọ́n, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Tẹ́ ò bá fọwọ́ sí i lónìí, màá tún bẹ̀ yín lọ́dún tó ń bọ̀, màá sì tún bẹ̀ yín lọ́dún tó tẹ̀ lé e."

Bàbá mi kọjú sí olùkọ́ mi, wọ́n ní, "Ṣé wọ́n ń kírun níbẹ̀?"

"Mùsùlùmí ibẹ̀ kò níye, bàbá."

Ni wọ́n bá yọ fọ́ọ̀mù náà lápò, wọ́n sì fi kéú kọ orúkọ wọn sí i, láti ọwọ́ ọ̀tún wá sí òsì, díẹ̀díẹ̀. Olùkọ́ mi jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n fi orúnkún ṣe tábìlì, wọ́n tún lẹ́tà náà kọ. Wọ́n ti fẹ́ lẹ̀ ẹ́ nígbà tí bàbá mi ní, "Ẹ dúró ná." Wọ́n tẹ́wọ́ sórí ìwé náà, wọ́n ṣàdúrà. Olùkọ́ mi, Kìrìsìtẹ́nì paraku, ṣe àmín tó ju tèmi lọ.

Mo lọ. Ní gbogbo ọdún méjì yẹn, bàbá mi ń sọ fún àwọn onípákó pé Lọ́ńdọ̀nù tó wà ní Íńdíà ni mo wà. Nígbà tí mo dé, mo ṣàlàyé fún wọn pé ẹni tó ń tajà kì í wo iye tó fi ra ti àná, iye tó máa fi ra òmíràn ló ń wò. Wọ́n la ojú sí mi. "Ọdún méjì! Ìyẹn lo lọ kọ́? Ta ni kò mọ ìyẹn?" Mo ní, "Bàbá, ẹ ò sọ ọ́ nígbà tí mo béèrè." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ayé ti yí. Lórí fóònù ni gbogbo rẹ̀ wà báyìí: fọ́ọ̀mù, lẹ́tà, èsì. Olùkọ́ máa ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ láìjẹ́ pé òbí kankan fojú kàn án, ọmọ sì lè ti gba ààyè ní ìlú márùn-ún kí bàbá rẹ̀ tó gbọ́. Lásìkò tiwa, ìgbà tí o máa dé ni wọ́n ń bi ọ́ kí o tó lọ. Àwọn tó ń jókòó sí pálọ̀ mi kò fi ti dídé ṣe ọ̀rọ̀ sọ rárá. N kò bá wọn wí, mo mọ ohun tójú wọn ń rí nílé. Ó kàn ń dùn mí ni.

Ọjọ́ kẹta tí mo sọ ìtàn yìí, ìyẹn àárọ̀ òní, ọmọ ọmọ mi wá bá mi ní kíṣìnnì. Ìyá rẹ̀ tó ń gbé ní Ring Road ti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ pé Kánádà ni ọmọ òun ń lọ. Ọmọ náà ní Kẹ́ńyà lòun mú. Ó ní òun fẹ́ mọ bí àwọn tó ń tajà kéékèèké níbẹ̀ ṣe ń fi fóònù tọ́jú owó, àti ìdí tí tiwa kò fi rí bẹ́ẹ̀. Ó ń sọ ọ́ lọ, ojú rẹ̀ ń dán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: kò dùn mọ́ mi. Èmi náà ti rí ara mi ní Kánádà, nínú kóòtù òtútù ńlá, tí mò ń ya fọ́tò nínú yìnyín. Mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ fún un pé kó lọ rò ó wò. Ó dúró, ó ń wò mí, kò gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo ní kó lọ wọṣọ. A jọ ń lọ sí Ring Road lọ́sàn-án yìí láti lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Ó máa bínú. Kó bínú. A ó jókòó síbẹ̀ títí inú rẹ̀ á fi rọ̀.