Ògì Ìyá Ọkọ Mi

Mo rántí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ Minna di olú ìlú ìpínlẹ̀, tí ọkọ mi rí iṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, tí a sì kó kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá máa gbé ní àdúgbò Tunga níbẹ̀. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí kò jìnnà sílé. Mo ka ara mi sí ọ̀mọ̀wé gan-an nígbà náà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní inú ń run òun, mo ti ṣetán láti ṣàlàyé ibi tí oúnjẹ náà há sí fún un.

Ìyá ọkọ mi wá bá wa gbé lẹ́yìn tí wọ́n yọ ìwọ̀nba eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀. Ògì nìkan ló lè mu láàárọ̀. Kò fẹ́ kó gbóná, nítorí ó ti jó o lẹ́nu rí, kò sì fẹ́ kó tutù. Nítorí náà, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, màá po ògì, màá fi ṣíbí rò ó, màá tọ́ ọ wò, màá tún rò ó, màá tún tọ́ ọ wò, títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ bó ṣe fẹ́ ẹ. Màá dé e, màá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, nítorí kì í fi nǹkan kan ẹnu kó tó ka Bíbélì tán, kíkà rẹ̀ kì í sì í yá. Ògì tí mo dé síbẹ̀ ki dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá ṣí i, omi ló máa ń bá.

“Ìyàwó,” ó bi mí lọ́jọ́ kìíní, “ṣé ògì wọ́n ní Minna ni?”

Mo ní, “Rárá o, mà. Ó ki nígbà tí mo gbé e sílẹ̀.”

“Ó ki, ó wá dìde lọ bu omi sára?”

Inú bí mi. Mo pààrọ̀ àgbàdo. Mo pààrọ̀ ẹni tó ń bá mi lọ̀ ọ́. Mo dá omi ẹ̀rọ Minna lẹ́bi, mo sè é, mo sẹ́ ẹ. Mo po ògì débi pé ṣíbí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó ti ń ṣàn kí ìyá tó débẹ̀. Ọkọ mi ránṣẹ́ sílé, wọ́n fi ògì Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an ránṣẹ́ sí wa; òun náà di omi. Bí mo bá fẹjọ́ sun ọkọ mi, á ní kí n ṣe sùúrù. Bí ìyá rẹ̀ bá rojọ́ fún un, á ní kí ìyá ṣe sùúrù. Ó sú mi. Nígbà mìíràn màá dúró sí kíṣìnì, màá sunkún, kí n tó nu ojú lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Nígbà tó di oṣù kejì, ìyá sọ ọ́ síta: mo ń bu omi sí ògì òun kí ebi lè lé òun lọ. Ó di ẹrù rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni yóò lọ, mo sì mọ̀ pé bó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ yẹn ní Ògbómọ̀ṣọ́, n kò ní lójú láti wọ agbo ilé ọkọ mi mọ́.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ bí oúnjẹ ṣe ń dà. Mo ya ikùn àti ìfun sójú pátákó. Mo ṣàlàyé pé omi inú ikùn ló ń kojú ẹran àti ẹ̀wà, pé ti inú ìfun ló ń parí iṣẹ́, ṣùgbọ́n pé fún irú oúnjẹ bí ògì àti iṣu, láti ẹnu ni itọ́ ti ń tú u, tó ń sọ ọ́ di ṣúgà. Ilé ẹ̀kọ́ wa kò tíì ní ohun èlò, nítorí náà mo po ògì lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú ife méjì. Mo ní kí ọmọbìnrin kan tutọ́ sí ọ̀kan, mo fi ṣíbí rò ó, a sì ń bá ẹ̀kọ́ lọ. Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi pè mí ní èdè Hausa.

“Malama, ya zama ruwa.” Ó ti di omi. Èkejì ṣì ki bí mo ṣe pò ó.

Mo di ṣíbí náà mú. Mo ń rí ara mi láàárọ̀, bí mo ṣe ń tọ́ ògì wò, tí mo ń ti ṣíbí tí mo ti lá bọ inú abọ́ ìyá padà, lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìtìjú bò mí. Mo ní kí wọ́n ya àwòrán ojú pátákó sínú ìwé wọn.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀yìn ọwọ́ ni mo fi kan ara abọ́ láti mọ bó ṣe gbóná tó. Ṣíbí kò kan ẹnu mi. Ògì ki títí ìyá fi mu ún tán. Ní òwúrọ̀ Sátidé, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Ìyá gbé abọ́ sílẹ̀, ó sì ní kí ọkọ mi tú ẹrù òun.

Mo fẹ́ ṣàlàyé. Mo tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀: “Mà, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé…” Ìgbà náà ni mo ronú kan ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ: pé kì í ṣe omi ni mo ń bù sí ògì yín, itọ́ ẹnu mi ni ẹ ti ń mu fún oṣù méjì. Mo pa ẹnu mi dé.

“Má wulẹ̀ sọ nǹkan kan,” ìyá ní. “Mo ti dárí jì ọ́.”

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, ó jáde síwájú ìjọ Onítẹ̀bọmi, ó dúpẹ́ pé Ọlọ́run ti yí ọkàn ìyàwó ọmọ òun padà. Wọ́n ní kí n dìde. Mo dìde. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́ fún mi, inú sì ń bí mi.

Ó ti pẹ́ tí ìyá ti kú, èmi náà sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Títí di òní, wọ́n ṣì ń sọ ọ́ nínú ẹbí bí mo ṣe febi pa ìyá, tí mo sì ronú pìwà dà. Bó bá ká mi lára, màá ní n ó sọ òtítọ́. Lẹ́yìn náà màá rántí pé ẹ̀ṣẹ̀ tí n kò ṣẹ̀ ni ìyá dárí rẹ̀ jì mí. Èyí tí mo ṣẹ̀ gan-an, ó lọ láìgbọ́ nípa rẹ̀.