Òwú Tí Kòkòrò Yá

Ọdún mọ́kàndínlógún ni obìnrin tí gbogbo ilé ìwòsàn ń pè ní Ìyá Ẹ̀jẹ̀ ti fi ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ oníẹ̀jẹ̀. Lọ́jọ́ tó rí orúkọ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, aránṣọ kan, lára ìgò kan, ó rọra gbé e kalẹ̀, ó sì jókòó. Ọdún kẹrin rèé tó mọ̀ pé aránṣọ náà ń lo oògùn éèdì, tí kòkòrò àrùn náà kò sì hàn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ yìí kún fún un bámúbámú.

Ó lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Àbúrò náà ń húkọ́ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ṣòkòtò rẹ̀ ti di àpò lára rẹ̀. Pínnì ló fi dè é ní ìbàdí.

"Ìgbà wo lo lo oògùn gbẹ̀yìn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó ná. Ẹ̀ ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ wọn pósí."

"Mo ní ìgbà wo?"

"Oṣù mẹ́jọ. Ara mi ti yá. Ta ní ń rán aṣọ tó ti parí?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú aṣọ kékeré kan lórí tábìlì.

"Gbọ́. Kòkòrò yìí gbé àwòṣe tirẹ̀ wá, ó mú aránṣọ tirẹ̀ wá, ṣùgbọ́n aránṣọ náà kò lè dá bẹ̀rẹ̀. Òwú kékeré kan wà tí ara wa fi ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Òun ni kòkòrò náà yá, tó so mọ́ àwòṣe. Lẹ́nu òwú yẹn ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í rán."

"Olè wọlé, ó tún yá abẹ́rẹ́ onílé!"

"Bó bá rán an tán, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ tìrẹ gan-an. Oògùn ń ti òwú ayédèrú sí i lọ́wọ́, èyí tí òmíràn kò ṣeé so mọ́, kí rírán náà lè dúró. Kò tú èyí tó ti wọ aṣọ."

"Kò sí ìrán tí kò ṣeé tú."

"Èyí kò ṣeé tú láìfa aṣọ ya. Bí oògùn bá sì dáwọ́ dúró, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í rán."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ lónìí ńkọ́?"

Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ikọ́ ife ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jìnnà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ló tún lò láyé.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù láti wá aṣọ tí wọn yóò fi sin ín, ó bá ṣòkòtò kan lábẹ́ ẹ̀rọ, tí àbúrò rẹ̀ ti ń dín kù sí ìwọ̀n ara rẹ̀ tuntun. Ẹsẹ̀ kan ló parí. Ìyá Ẹ̀jẹ̀ kò mọ aṣọ rán. Pínnì ló fi dè é.