Ọjọ́ Tí Mo Wádìí Ìdílé Àna Mi

Láàárín tiwa, a kì í fọmọ fọ́kọ láì wádìí ìdílé ọkọ. Ìyá àwọn ọmọ mi ni ì bá ṣe é. Ó mọ bí a ṣe ń béèrè nǹkan láì dun ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó ti lé lọ́dún kan tí a ti sin ín, ló bá kù sí èmi lọ́wọ́.

Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni àfẹ́sọ́nà ọmọbìnrin wa. Lọ́jọ́ Sátidé kan, èmi àti ọmọ mi lọ kí bàbá ọmọkùnrin náà nílé wọn ní Queens Village, ní New York. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni. Bí a ṣe jókòó, mo fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè bí wọ́n ṣe ń béèrè l'Ábẹ̀òkúta: "Ìlú wo ni ìdílé yín ti ṣẹ̀ wá?"

Ọmọ mi gbá mi lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. "Dádì! Ta lẹ ń bi nírú ìyẹn?"

Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìtàn! Mo rò pé mo ti ba ìgbéyàwó ọmọ mi jẹ́ nìyẹn.

Bàbá náà dìde, ó wọ yàrá lọ. Ìwé kan ló mú bọ̀, ẹ̀dà ìwé ìhágún olóko kan, láyé ìgbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso New York. Nínú àkọsílẹ̀ ohun ìní olóko náà, lábẹ́ màlúù méjì, wọ́n kọ obìnrin dúdú kan síbẹ̀, àti oyún inú rẹ̀.

"Òfin ìgbà náà ni," ó ní. "Bí ìyá bá jẹ́ ẹrú, ẹrú lọmọ. Oyún yẹn ni babańlá mi. Ibẹ̀ ni mo lè tọpasẹ̀ ìdílé mi dé, sà." Ó wojú mi. "Àwọn tiyín ńkọ́? Ṣé wọ́n ta èèyàn?"

Mo lè purọ́. "Wọ́n rà," mo ní. "Bàbá bàbá mi àgbà ra èèyàn sóko. A ṣì mọ àwọn ọmọ ọmọ àwọn tó rà nílé, a kì í sì í fẹ́ wọn. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ wádìí ìdílé nìyẹn." Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi rí.

Bàbá náà bú sẹ́rìn-ín. "Gbogbo ará Nàìjíríà tí mo ti bi ní ìbéèrè yìí, ọmọ ọba ni gbogbo wọn! Ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tó dá mi lóhùn."

"Dádì mi? Ọmọ ọba kẹ̀?" ni ọmọ mi wí, ó ń nu ojú.

"Ṣé ìwádìí ti parí, àna mi, àbí ó kù?" bàbá náà bi mí.

"Ó ti parí, sà," mo ní.

Ó bu ráìsì síwájú mi. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ebi ń pa mí.