Ẹ̀bẹ̀ Kì Í Ṣe Ìjẹ́wọ́

Nígbà tí mo dé láti ibi ẹ̀kọ́ nípa wíwá ẹ̀rí tí wọ́n rán mi lọ ní Ìbàdàn, orúkọ tuntun ni mo bá ní àgọ́ ọlọ́pàá wa. Pùròfẹ́sọ̀ ni wọ́n ń pè mí. Ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́, ọkùnrin kan tí ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí mo bá wọlé láàárọ̀, á dìde dúró ṣánṣán, á ní, "Pùròfẹ́sọ̀, àgùntàn kan sọnù o, ẹ bá wa wo ojú ẹsẹ̀ rẹ̀." Ẹnu tèmi náà kì í ṣe kékeré. Mo máa ń sọ fún un pé bí mo bá fẹ́ wá ojú ìka ọwọ́ tirẹ̀, ìdérí ìkòkò ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìlú kékeré ni, lójú ọ̀nà Ṣakí sí Ìgbòho. Iṣu ló pọ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú gbágùúdá, àgbàdo àti àwọn ọlọ́kadà tí ń sinmi lábẹ́ igi. Ẹjọ́ tí ń dé ọ̀dọ̀ wa kò ju ti ewúrẹ́ tó wọ oko olóko àti ti tọkọtaya tó fẹ́ kí a bá wọn parí ìjà. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ́ ń yún mi lọ́wọ́. Wọ́n ti kọ́ wa pé kò sí ibi tí èèyàn fara kàn tí kì í fi nǹkan sílẹ̀, tí kì í sì í mú nǹkan kúrò. Wọ́n kọ́ wa pé ẹ̀rí kì í ṣe oríṣi kan: ohun tí ẹlẹ́rìí fojú rí wà, ohun tí ẹni tí a mú fẹnu ara rẹ̀ sọ wà, ohun tí kò lẹ́nu rárá náà sì wà, bí eruku, irun, ẹ̀jẹ̀ àti ojú ẹsẹ̀. Èyí tí kò lẹ́nu yìí ni mo gbà gbọ́ jù, nítorí mo ní kò lè purọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn tí gbogbo ènìyàn ń retí òjò àkọ́rọ̀, mo gbọ́ ariwo níta. Èrò ń ti ọ̀dọ́kùnrin ọlọ́kadà kan bọ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, òun ló máa ń gbé mi lọ sí Ṣakí, kì í sì í sáré àsápajúdé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan ti wú. Ìyá àgbà kan ló ṣáájú èrò, ìborùn wọn ti já sílẹ̀ ní èjìká kan, wọn kò sì bìkítà.

Gbodo ni Ìyá sá sórí àpáta tó wà lẹ́yìn ìlú. Iṣu tí a bọ̀, tí a gé, tí a ń sá kí ó gbẹ kí a tó lọ̀ ọ́ ní èlùbọ́ ni gbodo. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá sá a kì í jókòó tì í. Ìyá lọ wò ó láàárọ̀, wọ́n bá àpáta lófo. Ẹnìkan ní òun rí ọlọ́kadà yìí lórí àpáta náà ní kùtùkùtù, tó ń wọ́ àpò. Nígbà tí wọ́n sì rí i níbi tí wọ́n ti ń gbé èrò, eruku funfun ti gba ṣòkòtò rẹ̀ dé orókún.

Kò pẹ́ tí bàbá ọmọ náà fi dé, wọ́n ń mí gúlegúle, tẹ̀sùbáà sì wà lọ́wọ́ wọn. Ọmọ náà lanu, ó ní, "Bàbá, mo kàn..."

"Dọ̀bálẹ̀!" ni bàbá rẹ̀ pariwo mọ́ ọn. "Ẹjọ́ kọ́ ni kí o rò, ẹ̀bẹ̀ ni kí o bẹ̀!"

Ọmọ náà sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ ṣàánú mi."

Ẹnìkejì mi ti mú bírò. "Ó ti jẹ́wọ́," ó ní, ó sì ń kọ ọ́ lọ.

Inú bí mi. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa ní ilẹ̀ yìí nìyẹn. Bí àgbà bá ń bínú sí ọ, o kì í dúró rojọ́, kí wọ́n má baà ní o ń bá àgbà jiyàn. Wàá kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ kí inú wọn rọ̀, tó bá di ọjọ́ mìíràn, bí o bá fẹ́, o lè ṣàlàyé. Èmi náà ti kúnlẹ̀ bẹ ìyá ọkọ mi nítorí abọ́ tí kì í ṣe èmi ni mo fọ́ ọ. Nínú ilé, ó dára, ó ń jẹ́ kí ilé tòrò. Ṣùgbọ́n àgọ́ ọlọ́pàá kì í ṣe ilé. Ohun tí a bá kọ sílẹ̀ níbẹ̀, iwájú adájọ́ ló ń lọ.

Bàbá náà wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Yìgì ọmọ náà ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bàbá ìyàwó, tó wà ní Àgọ́-Àrẹ, ti gbọ́ ìròyìn, ó sì ti pè wọ́n lórí fóònù pé òun kò ní fa ọmọ òun lé ọwọ́ ẹni tó bá sun àgọ́ ọlọ́pàá mọ́jú lórí ẹ̀sùn olè. Bí ilẹ̀ bá ṣú bá ọmọ náà lọ́dọ̀ wa, ó parí nìyẹn. Àánú wọn ṣe mí, ó sì dùn mí pé àwọn gan-an ni wọ́n ń fi ẹ̀bẹ̀ ti ọmọ wọn mọ́lé.

Mo ní kí ẹnikẹ́ni má gbọn ṣòkòtò ọmọ náà. Mo tẹ́ bébà funfun, mo rọra gbọn eruku náà sórí rẹ̀. Mo di ìdajì sínú àpòòwé, mo lẹ̀ ẹ́ pa, mo sì fọwọ́ sí i lára, bóyá ilé ẹjọ́ yóò béèrè rẹ̀. Ìdajì tó kù ni mo dà sínú kọ́ọ̀bù, mo sì gbé omi kaná. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé àwọn ọlọ́kadà a máa gbé láfún lọ sọ́jà, eruku méjèèjì sì jọra lójú. Ṣùgbọ́n omi gbígbóná a máa yà wọ́n sọ́tọ̀. Láfún á funfun, èlùbọ́ iṣu á dúdú.

"Ẹ wá wò ó o," ẹnìkejì mi ní, "Pùròfẹ́sọ̀ fẹ́ rokà fún wa!"

Mo da omi náà sí i, mo fi ọwọ́ ṣíbí rò ó. Mo ń bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kí ó funfun. Ó dúdú.

Ìyá pàtẹ́wọ́, wọ́n ní, "Ẹ ò rí i! Ẹ ò rí i!" Bàbá fi tẹ̀sùbáà bo ojú wọn. Ẹ̀rí tí mo fọkàn tán jù ló lòdì sí ọmọ yìí. Mo dúró lórí kọ́ọ̀bù náà, mò ń wò ó, ìgbà náà ló tó yé mi pé òótọ́ ni eruku kò purọ́, ṣùgbọ́n kò ṣàlàyé kankan. Ó sọ pé ọmọ náà fọwọ́ kan gbodo. Kò sọ ohun tó fi í ṣe.

Mo lé gbogbo èrò síta. Mo ní kí bàbá jókòó ti ọmọ wọn, nítorí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí ẹni tó fọkàn tán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n bá mi panu mọ́. Mo wá kọjú sí ọmọ náà.

"Wọ́n ní o jí gbodo Ìyá, ìdí tí o fi wà níbí nìyẹn. Bí o kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, dákẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn ọ́. Bí o bá fẹ́ kí lọ́yà wà níbí kí o tó sọ̀rọ̀, ó tọ́ sí ọ. Bí o bá sì fẹ́ sọ ọ́ fún mi, bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́. Mi ò fẹ́ ẹ̀bẹ̀."

Ojú bàbá rẹ̀ ló wò. Bàbá tẹjú mọ́lẹ̀, wọn kò ka tẹ̀sùbáà mọ́. Ohùn wọn ti rẹlẹ̀. "Rò ó fún wọn, ọmọ mi," wọ́n ní. "Rò ó."

Mo ti ní kí wọ́n panu mọ́, ṣùgbọ́n mi ò bá wọn wí.

Ọmọ náà ní ìgbà tí òun ń kọjá lẹ́bàá àpáta ní kùtùkùtù, ojú ọ̀run ti dúdú, atẹ́gùn òjò sì ti dé. Òun rí gbodo Ìyá nílẹ̀, òun kò rí Ìyá nítòsí. Bí òjò bá pa á, bíbu ni yóò bu. Òun bá kó o sínú àwọn àpò Ìyá fúnra wọn, àwọn tí wọ́n fi òkúta tẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, òun sì wọ́ wọn lọ sínú ilé àtijọ́ tí wọ́n ti ń fi iná yan ewé tábà nígbà kan rí, ní ìsàlẹ̀ àpáta. Èrò kan tó fẹ́ lọ sí Ìgbòho ń pe òun lórí fóònù, òun ní tí òun bá dé, òun á sọ fún Ìyá. Atẹ́gùn gbé òjò lọ. Kí òun tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ìgbátí ló kí òun káàbọ̀.

"Mo fẹ́ sọ, Mà. Wọ́n ní mo tún ń lanu."

Gbogbo wa la jọ lọ síbẹ̀, Ìyá ló ṣáájú. Mo ní kí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà kí n kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Eruku ibẹ̀ pọ̀, ojú ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló sì wà lórí rẹ̀. Mo ní kí ọmọ náà fi bàtà rẹ̀ tẹ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì yàtọ̀. Àwọn àpò náà wà ní kọ̀rọ̀. Páànù òrùlé ilé náà ti lu, ọmọ náà sì ti bọ́ aṣọ òjò rẹ̀, ó ti fi bò wọ́n, ó wá fi òkúta tẹ etí aṣọ náà yíká.

Ìyá dúró, wọ́n ń wo aṣọ òjò yẹn. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀, ọmọ náà sì sáré dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn.

"Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, Ìyá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú!"

Mo yíjú sí ẹnìkejì mi. "Kọ ọ́ sílẹ̀," mo ní. "Ó tún ti jẹ́wọ́." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, bàbá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń fi etí agbádá nu ojú.

Oòrùn ti ń wọ̀. Bàbá mú fóònù jáde láti pe Àgọ́-Àrẹ, ṣùgbọ́n Ìyá gbà á lọ́wọ́ wọn.

"Fóònù kọ́," wọ́n ní. "Ẹnu mi yìí ni mo fi pè é lólè lójú gbogbo ayé. Ojú àna rẹ̀ ni n ó ti fi ẹnu náà sọ pé kì í ṣe olè."

Wọ́n so ìborùn wọn mọ́dìí, wọ́n gun ẹ̀yìn ọ̀kadà ọmọ náà, wọ́n sì dì í mú. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé tábà, mò ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ, inú mi sì dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Wọn kò tíì yí kọ́nà tán tí òjò àkọ́rọ̀ tó ti ń tàn wá láti àárọ̀ fi dé, tó sì da ara rẹ̀ lé wọn lórí. Ọwọ́ mi ni aṣọ òjò ọmọ náà wà. Mo ti dì í, mo ti fọwọ́ sí i, mo ti sọ ọ́ di ẹ̀rí.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti so yìgì ni ọmọ náà wá gba aṣọ òjò rẹ̀. Mo gbé ìwé síwájú rẹ̀ kí ó fọwọ́ sí i pé aṣọ òun ti tẹ òun lọ́wọ́. Kí ó tó mú bírò, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ má bínú, Mà," ó ní. "Mo yọ yín lẹ́nu."